Re: "Ọkọ̀ aláìláwakọ̀". Ta ni òfin máa wá dì mú?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ lórí orúkọ tó yẹ ká fún mọ́tò tó ń wa ara ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ká máa pè é ní "ọkọ̀ aláìláwakọ̀", ẹlòmíì ní "ọkọ̀ adáwà" ló dáa jù, ẹnì kan sì mú "ọkọ̀ ọlọ́gbọ́n" wá. Ẹ má bínú sí mi, mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdí sì ni pé orúkọ yìí ò ní dúró sẹ́nu àwa tá a jọ ń sọ̀rọ̀ níbí nìkan, inú òfin ló ń lọ, tó bá sì débẹ̀ tó ń ṣini lọ́nà, ẹni tí mọ́tò bá gbá ló máa jìyà ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí "aláìláwakọ̀". Ó dùn létí, ó sì ń yé èèyàn lójú ẹsẹ̀, àmọ́ lójú òfin, kò sóòótọ́ níbẹ̀. Àdéhùn Vienna tí wọ́n ṣe lọ́dún 1968 lórí ìrìnnà ojú pópó sọ ní abala 8 pé gbogbo ọkọ̀ tó bá ń rìn gbọ́dọ̀ ní awakọ̀. Ẹ wá wo bí àdéhùn yẹn ṣe túmọ̀ awakọ̀ o: ẹni tó ń wa mọ́tò, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, àti ẹni tó ń da màlúù lójú títì! Àwa ní tiwa ya darandaran sọ́tọ̀ sí awakọ̀, ọ̀kan ń dà, èkejì ń wà, ṣùgbọ́n ohun tó mú kí wọ́n pa wọ́n pọ̀ síbẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì ló máa jẹ́jọ́ tí ohun tó wà níkàáwọ́ wọn bá ṣèèyàn léṣe. Ẹni tó máa jẹ́jọ́ yẹn ni òfin ń wá, kò fi bẹ́ẹ̀ wo ọwọ́ tó di sítíárìn mú.

Ìgbà tí ẹ̀rọ wá dé ńkọ́? Wọn ò yọ awakọ̀ kúrò. Abala 34 bis ni wọ́n fi kún àdéhùn náà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 2022, ohun tó sì sọ ni pé tí ọkọ̀ bá ń lo ẹ̀rọ tó ń wà á, tí ẹ̀rọ ọ̀hún sì bá òfin orílẹ̀-èdè ibẹ̀ mu, a óò kà á sí pé ọkọ̀ náà ní awakọ̀. Ẹ tún un kà dáadáa. A óò kà á sí pé ó NÍ. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti sọ pé kò ní. Báwo la ṣe wá fẹ́ sọ ọ́ ní aláìláwakọ̀ nígbà tí àwọn tó kọ òfin ń sá fún gbólóhùn yẹn gan-an?

Àwọn Amẹ́ríkà náà jìjàkadì pẹ̀lú ẹ̀. Lóṣù kejì ọdún 2016, NHTSA, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ààbò ojú pópó, kọ̀wé sí Google pé nínú mọ́tò tí wọ́n fẹ́ ṣe, èyí tí kò ní ní sítíárìn, àwọn máa gbà pé ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ni awakọ̀, kì í ṣe ẹnikẹ́ni tó jókòó sínú ẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìpínlẹ̀ Texas ṣòfin tiẹ̀, ó ní ẹni tó ni ẹ̀rọ náà ni ká kà sí ẹni tó ń wa ọkọ̀ tọ́rọ̀ bá di ti òfin ìrìnnà. Orílẹ̀-èdè kan náà o, ìdáhùn méjì.

Kí ẹ sì má rò pé àríyànjiyàn àwọn lọ́yà lásán nìyẹn. Ní Tempe, Arizona, oṣù kẹta ọdún 2018, mọ́tò tí Uber ń dán wò pa obìnrin kan tó ń fẹsẹ̀ sọdá títì. Ẹ̀rọ ló ń wa ọkọ̀ lásìkò yẹn. Agbẹjọ́rò ìjọba sọ lọ́dún 2019 pé òun ò rí ẹ̀sùn ọ̀daràn tó ṣe é fi kan ilé-iṣẹ́ náà, òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí ọkọ̀ láti máa ṣọ́ ọ ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́, nígbà tó sì di 2023 ó gbà pé òun jẹ̀bi fífi ẹ̀mí èèyàn wewu, wọ́n ní kó wà lábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún mẹ́ta. Tá a bá ròyìn ọ̀rọ̀ yìí pé "ọkọ̀ aláìláwakọ̀ pààyàn", ta la pa mọ́?

"Adáwà" ò ní pẹ́ wa. Lẹ́nu Yorùbá, ẹni tó dá wà ni ẹni tí kò lẹ́nì kejì, ohùn "wà" ti ọkọ̀ àti "wà" ti ibùgbé ọ̀kan náà ni, kò sí bá a ṣe máa yà wọ́n. "Ọlọ́gbọ́n" lèyí tó ń bà mí lẹ́rù jù, torí ó ń yin ọjà kó tó hùwà. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni California fòfin dè lọ́dún 2022, pé ẹni tó ń ta mọ́tò tó kàn ń ran awakọ̀ lọ́wọ́ ò gbọ́dọ̀ fún un lórúkọ tó máa jẹ́ kéèyàn rò pé ó lè dá wa ara ẹ̀. Òfin Ìlú Ọba tó jáde ní oṣù karùn-ún 2024 náà fún mínísítà lágbára láti yan àwọn ọ̀rọ̀ tí wọn ò gbọ́dọ̀ fi polówó mọ́tò tí ìjọba ò tíì fọwọ́ sí pé ó lè wa ara ẹ̀. Ẹni tó bá gbà pé ọkọ̀ gbọ́n, á sùn sínú ẹ̀.

Nínú gbogbo èyí tí mo rí, àwọn Faransé ló sún mọ́ ọ jù. Nínú òfin wọn, orúkọ tí wọ́n fún un ni véhicule à délégation de conduite, ìyẹn ọkọ̀ tí èèyàn fi iṣẹ́ wíwà lé lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí tèmi. A ní alágbàfọ̀, a ní alágbàṣe, a ní alágbàtọ́. Kí ló dé tí a ò fi lè ní ALÁGBÀWÀ? Alágbàfọ̀ kọ́ ló laṣọ, àmọ́ tó bá fà á ya, á dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà ti gbé ẹni tó gbéṣẹ́ fúnni, ẹni tó gbà á, àti pé èèyàn lè gbà á padà, sínú ara ẹ̀. Ó bá ìlànà 157 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé mu wẹ́kú, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù kìn-ín-ní 2021: ẹ̀rọ á máa wa ọkọ̀, tó bá rí i pé apá òun ò ní ká a mọ́, á pe èèyàn kó wá gbà á, kó tó di pé ó dá ọkọ̀ dúró fúnra ẹ̀. Ti Jámánì náà bá a mu, torí lábẹ́ òfin wọn ti 2017, ẹni tó tan ẹ̀rọ náà ṣì ni awakọ̀ bí kò tiẹ̀ fọwọ́ kan sítíárìn.

Fún èyí tí kò sẹ́nì kankan nídìí ẹ̀ rárá, ẹ jẹ́ ká lo "ọkọ̀ adárìn". Japan ló fún mi nígboyà lórí èyí. Nígbà tí òfin wọn gba irú ọkọ̀ yẹn láàyè ní oṣù kẹrin 2023, wọn ò lo unten, tí í ṣe wíwà, mọ́. Unkō ni wọ́n lò, èyí tí wọ́n ń lò fún ìrìn bọ́ọ̀sì àti rélùwéè. Ìrìn ni wọ́n tẹnu mọ́.

Ó wá ku orúkọ tá a máa pe ilé-iṣẹ́ tó máa dúró fún ọkọ̀ náà níwájú òfin. Ìlú Ọba ti sọ ọ́ di dandan pé irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà fún mọ́tò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fọwọ́ sí, California sì ti ṣòfin pé láti oṣù keje 2026, ọlọ́pàá lè kọ ìwé ẹ̀ṣẹ̀ ojú pópó sí ilé-iṣẹ́ náà níwọ̀n ìgbà tí kò sẹ́ni tí wọ́n máa nawọ́ tíkẹ́ẹ̀tì sí nínú ọkọ̀. "Onígbọ̀wọ́" ló wá sí mi lọ́kàn, àmọ́ ẹni tó ṣe onídùúró fún ẹlòmíì níbi ẹ̀yáwó làwọn èèyàn sábà máa ń pè bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ gbọ́ bóyá ẹ̀yin rò pé ìyẹn máa dí i lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́.