Báwo ni òpin ayé ṣe lè jẹ́ ti Ilé-Ifẹ̀ nínú ìtàn kúkurú?

Akọ̀wé Láàgéré béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ ìkọ̀wé, mo kí yín o. Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé, ó sì ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń kọ ìtàn kúkurú kan, ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì tó dá lórí òpin ayé. Nínú rẹ̀, àpáta ńlá kan ń já bọ̀ láti òfuurufú, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù lù ú nígbà tó ku ọjọ́ kan péré, bọ́ǹbù náà kò tu irun kan lára rẹ̀, gbogbo ẹ̀dá sì kú láàárín ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí mo kà á fún àwọn ọ̀rẹ́ mi tí a jọ máa ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n dákẹ́ gbọ́ ọ títí dé òpin, ọ̀kan nínú wọn sì wá bi mí pé ta ni ó bá mi túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Bí mo bá pa orúkọ Ifẹ̀ rẹ́ tí mo fi orúkọ ìlú òyìnbó rọ́pò rẹ̀, kò sí gbólóhùn kan tí yóò ní láti yí padà.

Ìbéèrè mi nìyí: ìlú tí a ń pè ní Ifẹ̀ Oòdáyé, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, tí ìtàn sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti da iyanrìn sórí omi tí adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún sì tàn án ká, báwo ni ayé yóò ṣe parí níbẹ̀ tí òǹkàwé yóò fi mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ fún mi pé kí n fi òwe kún un. Òwe mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀ báyìí, kò sì gbà á sílẹ̀.

Olùkọ́ Físíìsì dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Akọ̀wé. Èmi kì í ṣe òǹkọ̀wé, físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, nítorí náà ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí ni n ó mú. Bọ́ǹbù tí wọ́n jù nígbà tó ku ọjọ́ kan yẹn kò lè ṣiṣẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, àjọ NASA mọ̀ọ́mọ̀ fi ọkọ̀ òfuurufú kan tí wọ́n pè ní DART kọlu àpáta kékeré kan tó ń jẹ́ Dimorphos, tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí 160 mítà. Tẹ́lẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 12 kí àpáta náà tó yí àpáta ńlá tó ń tẹ̀ lé ká lẹ́ẹ̀kan. Ìkọlù yẹn dín in kù pẹ̀lú nǹkan bí ìṣẹ́jú 33. Ó fi hàn pé a lè yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, a sì gbọ́dọ̀ ti rí i ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú.

Èyí tó yẹ kí ẹ lò ni ti Chelyabinsk ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2013, àpáta kan tí ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 20 mítà lọ bú gbàmù lójú ọ̀run níbẹ̀. Kò sí ẹni tó rí i kó tó dé, nítorí láti ìhà oòrùn ló ti jáde, awò tí a fi ń wo ojú ọ̀run láti orí ilẹ̀ kò sì lè kọjú sí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Àwọn ènìyàn sáré lọ sójú fèrèsé láti wo ohun tó kọ mànà bẹ́ẹ̀, ó sì tó bí ìṣẹ́jú méjì kí ìró àti ìjì rẹ̀ tó bá wọn níbi tí wọ́n dúró sí, ni dígí bá fọ́ sí wọn lára. Nǹkan bí ènìyàn 1,500 ló lọ gba ìtọ́jú, dígí ló sì ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn léṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níbi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, ṣé àpáta tó fara pa mọ́ sínú oòrùn kò ti bá yín nílé báyìí?

Ẹ tún yára pa gbogbo ayé jù. Àpáta tó balẹ̀ sí Chicxulub ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 10, síbẹ̀ kì í ṣe ìkọlù rẹ̀ nìkan ló run àwọn dáínósọ̀. Eruku, èéfín àti imí ọjọ́ tó gòkè lọ ló dí oòrùn lójú. Ewéko kò rí ìmọ́lẹ̀ fi ṣe oúnjẹ, òtútù mú, àwọn tó ń jẹ ewé kú, àwọn tó ń pa wọ́n jẹ sì tẹ̀ lé wọn. Òkùnkùn àti ebi ni òpin ayé, kì í ṣe iná. Bí ẹ bá sì ń wá onímọ̀ tí yóò sọ̀rọ̀ nínú ìtàn náà, ẹ má ṣe rìn jìnnà: láti 1998 ni ibùdó ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì òfuurufú kan fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ́dọ̀ yín níbẹ̀.

Ìyá Òkèéṣà, Iléṣà, dáhùn:

Ọmọ mi, ìtàn òpin ayé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé wa. Ní kékeré, a gbọ́ pé Ọ̀run àti Ilẹ̀ jọ ṣọdẹ lọ, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹmọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rí pa. Ilẹ̀ ní òun ni ẹ̀gbọ́n, òun ni yóò mú un. Ọ̀run ní irọ́ ni. Ọ̀run bínú lọ, ó sì so òjò rọ̀. Iṣu ta, kò gbó. Àgbàdo yọmọ, kò gbó. Ebi mú tọmọdé tàgbà, títí igún fi gbà láti gbé ẹbọ lọ sókè. Òjò ti ń rọ̀ kí ó tó padà dé, kò sì sí ẹyẹ kan tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ìdí nìyẹn tí orí rẹ̀ fi pá títí di òní.

Olùkọ́ ní eruku ló dí oòrùn lójú, n kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n wo ohun tí àwọn àgbà fi dá ìyàn sílẹ̀: ẹmọ́ kan tí kò kún àwo. Àpáta tìrẹ já bọ́ lásán ni, kò ká ẹnikẹ́ni mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ kankan. Bí o bá fẹ́ ẹni tí yóò ká mọ́, mú òṣómàáló. Bàbá tó bí bàbá mi ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n á gbé aṣọ àwìn kiri ìlú, nígbà tí àsìkò owó bá tó, wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè pé òṣó ni àwọn yóò máa ló títí owó yóò fi jáde. Wọ́n sọ fún mi pé bàbá yìí ti lóṣòó láti ìdájí, tí ìrì ṣì wà lára koríko, títí ìyàwó ajigbèsè fi gbé àpótí jáde fún un pé kó jókòó. Ó kọ̀. Ó ní ẹni tó bá jókòó ti gbà láti dúró nìyẹn.

Jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà kan ní Ifẹ̀ lọ́jọ́ tí ojúmọ́ kọ̀ tí kò mọ́, kí a wò ó bóyá yóò dìde.

Òǹkàwé Sábó dáhùn:

Mo fara mọ́ ìyá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkùnkùn yìí gba ìṣọ́ra. Isaac Asimov tẹ ìtàn kan jáde ní 1941, "Nightfall", nípa ayé kan tó ní oòrùn mẹ́fà, tí àwọn ará ibẹ̀ kò mọ òru rí, tí orí wọn sì dàrú nígbà tí òkùnkùn bò wọ́n. Ó bá wọn mu. Ìlú tí iná mànàmáná ń lọ nígbà tó bá wù ú ńkọ́? Kò sí ẹni tí òkùnkùn yóò yà ní wèrè níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ni a óò tàn. Ohun tí yóò dẹ́rù bà wá ni pé kí ohun tí a fi ń mọ àsìkò máa ṣiṣẹ́, kí àsìkò fúnra rẹ̀ má sì dé. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Japan fi hàn ní 2013 pé inú ara àkùkọ ni aago rẹ̀ wà: nínú ìmọ́lẹ̀ bàìbàì tí kì í yí padà, ó ṣì ń kọ ní ìdájí fún ọjọ́ púpọ̀ kí ètò náà tó tú. Ẹ ti dárúkọ adìẹ nínú ìbéèrè yín, ẹ sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Akọ̀wé Láàgéré padà wá:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá ìyá wa. Bọ́ǹbù ti lọ, Amẹ́ríkà ti lọ, mẹ́sàn-án nínú òwe mọ́kànlá náà ti lọ. Ọ̀nà jíjìn ni àpáta náà yóò balẹ̀ sí. Ìmọ́lẹ̀ kan péré ni a óò rí láti Ifẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni ojú ọ̀run yóò wá dí. Bí ìtàn ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí nìyí:

*Àkùkọ kọ lẹ́ẹ̀mẹta, ilẹ̀ kò mọ́. Ọkùnrin tó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà kò wo ojú ọ̀run. Ilẹ̀kùn ló ń wò.*

Ibi tí mo há sí ni pé ajigbèsè náà fẹ́ san gbèsè rẹ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n inú fóònù ni owó wà, íntánẹ́ẹ̀tì sì ti kú láti ọjọ́ kẹta. Ó na fóònù sí ọkùnrin náà kó fi ojú ara rẹ̀ rí iye tó wà níbẹ̀. Ìyá, ṣé òṣómàáló yóò gbà pé a ti san án?

Ìyá Òkèéṣà, Iléṣà, dáhùn:

Kò ní gbà, kò sì ní wo fóònù náà lẹ́ẹ̀mejì. Yóò bi í pé ta ló ni àkùkọ tó ń kọ lẹ́yìnkùlé yẹn, yóò sì ní kí wọ́n gbé e wá gẹ́gẹ́ bí ohun ìdógò.