Kíká DNA ni, kì í ṣe ìdìpọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Àbá tó wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá ni pé kí a pe bí DNA (okùn tínńrín tó gbé àṣẹ ìwà abínibí) ṣe wà nínú sẹ́ẹ̀lì ní "ìdìpọ̀", kí èyí tí wọ́n ṣe ní yàrá ìwádìí sì máa jẹ́ "ayédèrú DNA". N kò fara mọ́ ìkankan.

Lóòótọ́, DNA inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kan ṣoṣo tó mítà 2 tí a bá nà án tán, ibi tó sì wà kò ṣeé fojú lásán rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń di ẹrù kì í wo èyí tó kan èyí. Ẹni tó ń ká aṣọ ló ń wò ó. Nínú sẹ́ẹ̀lì, ibi tó kan ibi ni gbogbo ọ̀rọ̀. Apá DNA tó ń pàṣẹ fún jíìnì Shh (apá DNA kan tó wà lára àwọn tó ń darí bí ìka ṣe ń hù) nígbà tí ọwọ́ ọlẹ̀ ń hù jìnnà sí i tó nǹkan bí lẹ́tà mílíọ̀nù 1 (lẹ́tà ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di DNA). Kíká ló ń jẹ́ kí wọ́n pàdé. Bí àyípadà bá bá apá yẹn, wọ́n lè bí ọmọ olómìka mẹ́fà.

Ẹ fi "wíwé" sílẹ̀ fún bí DNA ṣe ń yí histone, ìyẹn purotéènì tó dà bí kẹ̀kẹ́ òwú, po, lẹ́tà 147 lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí cohesin (purotéènì tó rí bí òrùka) ti ń fa DNA gba inú òrùka rẹ̀ títí yóò fi kan CTCF (purotéènì tó ń dá a dúró), "ojóbó" ni mo fún un: ó ń tóbi, ó ń kéré, ó sì ṣeé tú. (Àwọn kan á ní ojóbó ń dẹ́rù bani. Ẹran ìgbẹ́ ni kó máa bẹ̀rù rẹ̀.)

"Ayédèrú" ló burú jù. Lọ́dún 2022, onímọ̀ jíìnì Jef Boeke àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì New York jáde pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ọ̀wọ́ jíìnì HoxA ti eku, tó wà lára àwọn tó ń darí bí ara ọlẹ̀ ṣe ń tò: wọ́n tò ó fúnra wọn, wọ́n gbé e sí ibi tí kì í ṣe ilé rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ẹlírí. Ó ṣì mọ ìgbà tó yẹ kí ó jí, àmọ́ agbára rẹ̀ kò pé àfi ìgbà tí wọ́n fi àwọn apá aṣàkóso tó jìnnà sí i kún un. Kí ni ayédèrú níbẹ̀? "DNA àtọwọ́dá" ni.

Ẹni tó tún ní kí a máa pè é ní "kíká aláṣẹ", bí ẹni pé kíká nìkan ló ń pàṣẹ fún jíìnì, ẹ jọ̀wọ́, ó ti yá jù. Ní 2018, wọ́n so krómósómù (okùn DNA lọ́tọ̀ọ̀tọ̀) 16 ti ìwúkàrà pọ̀ di ẹyọ kan ní Ṣáínà. Bó ṣe ká yàtọ̀ pátápátá sí ti tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ìwúkàrà náà ń dàgbà, ìṣe jíìnì rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. "Kíká" lásán ti tó.