Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ìgégi ṣe: ṣé ó ṣì lérè lọ́jọ́ iwájú?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ìgégi ṣe lọ́dọ̀ ọ̀gá kan nítòsí ọjà pákó Bódìjà níbí n'Íbàdàn. Ó ti mọwọ́ iṣẹ́ náà. Bí ẹ̀rọ bá ń kú lójijì, á yọ púlọ́ọ̀gì, á wò ó bóyá ó ti dúdú, á sì sọ fún oníbàárà pé ọ́ìlì tó pò mọ́ pẹtiróòlù ti pọ̀ jù.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ìrókò ti ń dọ̀wọ́n, ẹ̀rọ oníbátìrì sì ti dé. Ní Finland àti Sweden, ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo ló ń gégi, tó ń ya ẹ̀ka rẹ̀ dànù, tó sì ń gé e sí ìwọ̀n. Kọ̀ǹpútà ló wà nídìí ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀dí iṣẹ́ yìí, ṣé kó lọ sí Federal College of Forestry ní Jẹ́ríkò (ṣé wọ́n tiẹ̀ ń kọ́ni ní títún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀?), àbí kó lọ kọ́ haidirọ́líìkì (ọ́ìlì tí wọ́n ń fi agbára tì láti gbé apá ẹ̀rọ ńlá) àti wáyà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún katapílà ṣe? Bàbá wa ní kó kúkú máa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Èmi ò fara mọ́ ọn, sólà ti ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn yẹn náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?