Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: stem cell ẹ̀jẹ̀ nínú mùdùnmúdùn ẹ̀lírí

Ọmọ Ṣọ̀ún: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Pòròpórò ọkà bàbà ni mò ń ṣe iṣẹ́ másítáàsì mi lé lórí, èyí tí àwọn ìyá wa máa ń sè fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣe nǹkan kan fún stem cell tó ń bí ẹ̀jẹ̀ nínú mùdùnmúdùn egungun. Ẹ̀lírí funfun ni mo fẹ́ lò, ọ̀gá mi sì ní kí n yọ àwọn stem cell náà sọ́tọ̀. Mo kà á pé CD34, àmì kan lára sẹ́ẹ̀lì, ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Owó àńtíbọ́dì (ohun tó ń lẹ̀ mọ́ irú àmì bẹ́ẹ̀) kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi, owó ara mi sì ni. Ṣé kí n rà á, àbí Ficoll, omi tí wọ́n fi ń ya sẹ́ẹ̀lì sí ìpele-ìpele, nìkan ti tó?

Bọ̀dá Láàbù: Àbúrò, má tíì ra CD34 yẹn o! Ti èèyàn ni ohun tí o kà. Ẹ̀lírí tó ti dàgbà, stem cell ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó lágbára jù kò fi bẹ́ẹ̀ ní CD34 lára. Láti 1996 ni wọ́n ti fi hàn. Tí o bá fi CD34 ṣà wọ́n, àwọn tí o ń wá gan-an ni wàá dà nù. Ti ẹ̀lírí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó ni wọ́n ń kọ́kọ́ lé kúrò: àpòpọ̀ àńtíbọ́dì á lẹ̀ mọ́ wọn, òòfà á sì fà wọ́n mú. Èyí tí òòfà kò mú ni tìrẹ. Inú ìyẹn ni wọ́n ti ń wá èyí tó ní àmì c-Kit àti Sca-1 lára.

Àjàní: Irú ẹ̀lírí wo ni? Tó bá jẹ́ BALB/c, irú ẹ̀lírí funfun kan, Sca-1 kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lára wọn. C57BL/6, àwọn dúdú yẹn, ló bá a mu. Bi ẹni tó ń sìn wọ́n kí o tó náwó.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iṣẹ́ ọwọ́. Gé egungun itan lókè àti nísàlẹ̀, fi abẹ́rẹ́ 25 gauge àti PBS tútù (omi oníyọ̀ tí kì í pa sẹ́ẹ̀lì lára) tó ní serum (omi ara ẹ̀jẹ̀) díẹ̀ fọ inú rẹ̀. Mùdùnmúdùn á jáde bí okùn pupa. Tí egungun bá ti funfun, o ti kó o tán. Egungun itan kan lè fún ọ ní sẹ́ẹ̀lì mílíọ̀nù 10 sí 20. Rọra fà á sókè-sódò kó má ṣù, kí o sì sẹ́ ẹ. Ammonium chloride ló ń pa sẹ́ẹ̀lì pupa, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, kí o tètè da PBS lé e. Ficoll náà dáa, ṣùgbọ́n pa búréèkì centrifuge, ẹ̀rọ tó ń yí i bírí, kí ìpele funfun tín-ín-rín àárín yẹn má bàa dàrú. Stem cell nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀ o, lymphocyte àti monocyte, irú sẹ́ẹ̀lì funfun ẹ̀jẹ̀, wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Gbogbo rẹ̀, orí yìnyín ni. Àńtíbọ́dì tó ní àwọ̀, má kì í sí freezer. Tí NEPA bá múná lọ, kúlà oníyìnyín ni.

Ọmọ Ṣọ̀ún: Ẹ ṣeun gan-an, mà. Tí mi ò bá ní ẹ̀rọ tó ń ṣa sẹ́ẹ̀lì ńkọ́?

Bọ̀dá Láàbù: Bi ọ̀gá rẹ bóyá ìbéèrè yín nílò kí o yọ wọ́n mọ́ tónítóní. Nínú sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn 10,000, bóyá la fi lè rí ojúlówó stem cell ẹyọ kan. Till àti McCulloch ní Toronto, ní 1961, kò ní àńtíbọ́dì kankan: wọ́n gún mùdùnmúdùn sára ẹ̀lírí tí wọ́n ti fi ìtànṣán pa tirẹ̀, wọ́n sì ka kókó tó hù sínú ọlọ inú rẹ̀. Ìwọ lè gbin sẹ́ẹ̀lì tí òòfà kò mú sínú methylcellulose, ohun tó ki tí sẹ́ẹ̀lì ń hù nínú rẹ̀, ní 37°C, kí o ka ìdì tó bá hù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Kí o ṣe ti ẹ̀lírí tó mu àgbo, kí o ṣe ti èyí tí kò mu.

Àjàní: Òótọ́ ni, àmọ́ progenitor, àwọn ọmọ stem cell tí kò lè tún ara wọn bí títí, ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń hù níbẹ̀. Má kọ “stem cell” sí àkọlé iṣẹ́ rẹ, wọ́n á dá ọ dúró lórí ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbèjà.

Ìyá Ìbejì: Ó sọ̀rọ̀ o. Ọmọ mi, tí o bá fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń fọ egungun, Ọ̀yọ́ ni mo wà, wá bá wa. Mú abẹ́rẹ́ tìrẹ dání, kí ìwé àṣẹ lílo ẹranko sì ti jáde kó o tó wá.