"Alábàásùn" tàbí "ajọsùn": kí ni Speed jẹ́ sí Lincoln?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀. Ọ̀gá wa tí wọ́n ń túmọ̀ ìtàn Abraham Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan, sí Yorùbá pe Joshua Speed, ọ̀rẹ́ Lincoln tó ní ṣọ́ọ̀bù, ní "alábàásùn" rẹ̀. Nígbà tí a béèrè ibi tí wọ́n ti rí i, wọ́n ní bí "alábàágbé" kò bá lábùkù, "alábàásùn" náà kò lè ní. Mo bọ̀wọ̀ fún ọdún tí wọ́n ti fi kọ́ni ní gírámà, ṣùgbọ́n "bá" inú ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n dákẹ́.

Ẹni tó bá mi gbé ń bá mi san owó ilé ni. Bí wọ́n bá ní lágbájá bá tàmẹ̀dò sùn, àgbàlagbà wo ló tún máa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀? Lóòótọ́, àwọn ìyá wa a máa ní kí ọmọ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sùn, ìyá ìyá tèmi náà ń wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọdé ni wọ́n ń bá wí. Ọkùnrin méjì tó ti tó láya kúrò níbẹ̀.

Lóṣù kẹrin ọdún 1837 ni Lincoln dé Springfield ní Illinois, tó wọ ṣọ́ọ̀bù Speed láti béèrè iye tí bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ orí rẹ̀ máa jẹ́. Dọ́là 17 ni Speed pè é, kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Speed ní òun ní bẹ́ẹ̀dì ńlá lókè, kí wọ́n jọ máa lò ó. Lincoln gbé àpò gàárì rẹ̀ gun àtẹ̀gùn, ó gbé e sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀rín tẹ̀rín, ó ní òun ti kó dé. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún mẹ́rin, William Herndon tó ń bá Speed ta ọjà sì sùn nínú yàrá kan náà fún ìgbà kan. Láyé ìgbà náà, àwọn lọ́yà tó ń tẹ̀ lé adájọ́ káàkiri a máa há mọ́ra lórí bẹ́ẹ̀dì kan nílé èrò.

Àwọn òǹkọ̀wé òde òní tó ní ọ̀rọ̀ náà ju oorun lọ kò ṣófo lọ́wọ́. Lóṣù kẹwàá 1842, Lincoln kọ̀wé bi Speed pé ṣé inú rẹ̀ dùn dénú, láìfi ti làákàyè nìkan ṣe, pé Speed gbéyàwó. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Lincoln náà fẹ́ Mary Todd. Lójú tèmi, ẹ̀rù àpọ́n tó fẹ́ wọlé ìgbéyàwó ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹlòmíràn sì lè rí i mìíràn. "Alábàásùn" ti dá ẹjọ́ náà kí òǹkàwé tó gbọ́ ẹ̀rí. Ẹni tó tiẹ̀ fi èébú ẹnu ìjà fún ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin pe Lincoln, kí ó rántí pé 1869 ni ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó ń lò báyìí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, "homosexual", kọ́kọ́ jáde lédè Jámánì; Lincoln ti kú ní 1865.

Ti James Buchanan, ààrẹ tó ṣáájú Lincoln, yàtọ̀ díẹ̀. Òun àti William Rufus King, sẹ́nétọ̀ láti Alabama, jọ gbé ní Washington fún ọdún púpọ̀, Andrew Jackson, tí òun náà jẹ ààrẹ rí, sì ń fi King ṣe yẹ̀yẹ́ pé "Miss Nancy". Nígbà tí King lọ sí Faransé ní 1844, Buchanan kọ̀wé pé òun dá nìkan wà, pé òun ti dẹnu kọ ọkùnrin mélòó kan, kò sì sí èyí tó gbà. Níbẹ̀, àwọn alájọgbáyé wọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ajọsùn" ni mo fi lélẹ̀ fún Speed, kí "a" rẹ̀ wà lóhùn àárín, torí "àjọsùn" olóhùn ìsàlẹ̀ ni ìṣe náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó fi "àjọbí" ta kò mí, okùn ìbátan ni àjọbí ń tọ́ka sí, kì í ṣe ẹni, ẹ padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ọ̀gá wa sì tó fèsì, kí wọ́n jọ̀ọ́ fi àmì ohùn sí "alábàásùn" tiwọn, torí èmi ni mo fi àmì òkè yìí sí i, wọ́n kọ ọ́ lásán ni.