Màmá ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà tí bàbá ti lọ

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, oṣù 8 rèé tí bàbá wa ti ṣaláìsí, màmá ò jẹun dáadáa mọ́, aago 3 òru ni wọ́n ń jí, ara ríro ṣáá ni wọ́n ń sọ, ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ ogbó ni. Ṣé òótọ́ ni?

— Rárá o! Ó lè jẹ́ àárẹ̀ ọkàn (depression), ọ̀pọ̀ àgbà ò ní sọ pé inú àwọn bàjẹ́, ara ríro ni wọ́n máa sọ. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ àti thyroid (ẹ̀yà ara kan tó wà lọ́rùn) wọn wò.

— Àrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ l'Abẹ́òkúta, la gbé màmá tèmi lọ. Oògùn àárẹ̀ ọkàn lè tó ọ̀sẹ̀ 6 kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá a dúró o.

— Tí wọ́n bá ń sọ pé ó sàn káwọn kú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ.