Ìyàwó ilé wa bú sẹ́rìn-ín níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ. Àìsàn ni àbí ìwà?

Aláàdìrẹ_Ìtòkú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wá. Àbíkẹ́yìn ìyá wa ló kú, jàǹbá ọkọ̀ ni, kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Abẹ́òkúta la wà, Mùsùlùmí ni wá, ọjọ́ náà gan-an la sin ín. Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ ni ohun tí mo fẹ́ bi yín ti ṣẹlẹ̀.

Àwọn àlùfáà ti ṣe wáàsí tán, wọ́n ti wọ inú àdúà. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Àfi bí àkùkọ ṣe kọ. Àkùkọ o! Fóònù bàbá wa kan ni, ẹ̀gbọ́n ìyá wa, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló fi igbe àkùkọ sí i. Wọ́n ti ọwọ́ bọ àpò agbádá, kò sí níbẹ̀. Wọ́n ká agbádá sí èjìká, wọ́n wá a nínú bùbá, kò sí níbẹ̀, àkùkọ ń kọ lọ ràì. Àlùfáà ò dúró, wọ́n kàn gbé ohùn sókè sí i.

Ẹ̀gbẹ́ mi ni ìyàwó wa jókòó sí, ìyàwó àbúrò mi tó tẹ̀ lé mi. Mo rí i tó fa ìborùn bo ẹnu, lẹ́yìn náà èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn wa rò pé ẹkún ló ń sun, ni wọ́n bá ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn: "Ó tó, ìyàwó, fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run." Bí wọ́n ṣe ń pa á lẹ́yìn ni nǹkan ń le sí i. Ìgbà tó máa yọ, ẹ̀rín ni. Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́ o, ẹ̀rín àtinúwá tí àwọn tó wà lábẹ́ kánópì níta gbọ́. Ó dìde, ó sáré wọ yàrá. Nígbà tí mo wọlé bá a, ó ti dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹkún gidi ló wá ń sun, omijé àti ikun ti pò pọ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ ohun tó ṣe mí."

Ìyá wa ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹnì kan nínú ẹbí bàbá wa sì ti ń sọ ọ́ kiri pé ẹni tó bá rẹ́rìn-ín níbi òkú ọ̀fọ̀, ó ní ohun tó mọ̀ nípa ikú náà. Èmi ò gbà. Òun àti olóògbé fẹ́ràn ara wọn, àwọn méjèèjì ló máa ń jà sí ẹja tó kù nínú ìkòkò. Mo sì mọ̀ pé irú ẹ̀ ti ṣe é rí. Àwọn ọlọ́pàá dá mọ́tò wa dúró ní alẹ́ ọjọ́ kan lọ́nà Ìbàdàn, wọ́n na ìbọn sí wa, gbogbo wa ń gbọ̀n, òun ń rẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbá a létí.

Kí ló ń fa irú ẹ̀rín báyìí? Àìsàn ni àbí ìwà? Kí ni mo sì lè sọ fún ìyá wa?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Peckham

Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, àǹtí wa. Ọlọ́run á forí ji òkú, á dá àwọn tó kù sí.

Ìyàwó yín kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ o. Lọ́dún 2008 níbí ní London, Charlotte Green ń ka ìròyìn òwúrọ̀ lórí Radio 4 ti BBC, obìnrin tí gbogbo ènìyàn mọ̀ fún ohùn tútù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ohùn ènìyàn tó pẹ́ jù lọ tí wọ́n rí gbà sílẹ̀ sórí afẹ́fẹ́ tán, orin Faransé kan láti 1860, tó kàn ń kùn yùnmùyùnmù. Ẹnì kan wá sọ sí i létí pé ó dà bí kòkòrò oyin tó há sínú ìgò. Ohun tó kù tó máa kà ni ikú Abby Mann, òǹkọ̀wé eré sinimá tó gba Oscar. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti gbé e. Ó gbìyànjú, ohùn rẹ̀ ń fọ́, ó tún gbìyànjú, ó tún fọ́. Gbogbo ìlú ló gbọ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé òun ló pa Abby Mann.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ọlọ́run á tù yín nínú. Mo ti pẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú, mo sì mọ ẹ̀rín dáadáa, èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa.

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀rín ń gbà jáde lára wa. Ọ̀kan wà lábẹ́ àṣẹ, òun là ń rín nígbà tí ọ̀gá bá ṣe àwàdà tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Èkejì ń ti ìsàlẹ̀ ọpọlọ wá, níbi tí ẹ̀rù, ìbínú àti ẹkún náà ti ń wá, ìyẹn kì í tọrọ àyè. Apá iwájú ọpọlọ ló ń dì í mú. Tí ènìyàn ò bá sùn, tí kò jẹun dáadáa, tó ti ń gbé oúnjẹ fún àlejò láti àárọ̀ ọjọ́ ikú (ẹ má sọ fún mi pé kì í ṣe ìyàwó ló ń ṣe gbogbo rẹ̀), ìdìmú yẹn á dẹ̀. Ohun tí kò tó nǹkan á wá tú u.

Ẹ̀rín àti ẹkún sì ń lo iṣan kan náà: iṣan abẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, ti ìhà, ti ọ̀fun. Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin yẹn fi ń pa á lẹ́yìn. Téèyàn bá ń wo èjìká láti ẹ̀yìn, èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ yìí gan-an ò lè mọ èwo ni.

Ṣùgbọ́n kí n tó sọ pé kì í ṣe àìsàn, ẹ dá mi lóhùn. Ṣé ó ti fi orí gbá nǹkan rí? Ṣé ẹnu rẹ̀ wọ́ tàbí ọwọ́ rẹ̀ kan ò lágbára? Ṣé ó máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ rárá, tí kò tiẹ̀ sí ìdùnnú kankan lójú rẹ̀? Mo bèèrè nítorí pé lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, tàbí tí ọpọlọ bá ṣèṣe, àwọn kan wà tí ẹ̀rín tàbí ẹkún máa ń já lé lórí lójijì. Pseudobulbar affect là ń pè é. Mo tọ́jú bàbá kan tó máa ń rẹ́rìn-ín gẹgẹẹ nígbà tí ìyàwó wọn bá ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí omijé sì ń bọ́ lójú àwọn náà. Inú ìyàwó bàjẹ́ gan-an kó tó yé e. Oògùn wà fún un: ní 2010, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí tí wọ́n fi dextromethorphan àti quinidine pò pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má lọ rà á lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì o, quinidine lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú. Irú wárápá kan tún wà tó ń jáde bí ẹ̀rín, láti kékeré ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọlúàbí_Pọ́nńbélé

Gbogbo ẹ̀yin yìí, ẹ ń fi ìwé òyìnbó bo àìlẹ́kọ̀ọ́ mọ́lẹ̀. Níbi òkú arúgbó, a gbà: a ó jó, a ó yọ̀, a ó rẹ́rìn-ín. Òkú ọ̀fọ̀ yàtọ̀. Ìyá tó bí ọmọ jókòó síbẹ̀, ìyàwó ilé ń rẹ́rìn-ín! Gbogbo wa ló ti rí ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ, a sì gbé e mì. Kí ló dé tí òun ò lè gbé tirẹ̀ mì? Ẹ tiẹ̀ dá mi lóhùn kan: bàbá tó gbé àkùkọ wọ inú àdúà ńkọ́, ṣé ẹnì kan ti bá wọn wí? Àwọn náà jẹ̀bi.

Aláàdìrẹ_Ìtòkú

Nọ́ọ̀sì, rárá sí gbogbo ìbéèrè yín. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kò ṣubú rí tó gbá orí, kì í ṣàdédé rẹ́rìn-ín. Ti oúnjẹ àlejò ńkọ́, ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ló ro gbogbo ọkà tí wọ́n jẹ.

Ọmọlúàbí, kò sẹ́ni tó jẹ́ bá bàbá wí. Ẹni ọgọ́rin ọdún lé ni wọ́n.

Tíṣà_Báyọ̀lójì

Ọmọlúàbí, ìbéèrè yín dáa, "kí ló dé tí kò gbé e mì?" Ó gbé e mì. Ìborùn tó fi bo ẹnu yẹn kí ni? Mímì yẹn gan-an ló ń dá kún un. Daniel Wegner àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà dán irú ẹ̀ wò, wọ́n kọ ọ́ jáde ní 1987. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn má ronú nípa béárì funfun, kí wọ́n sì máa lu aago tó bá wá sí wọn lọ́kàn. Wọ́n lu aago títí. Ọkàn tó ń ṣọ́ nǹkan kó má wọlé, nǹkan ọ̀hún náà ló ń wò. Ọmọ kíláàsì mi tí mo bá sọ fún pé "má rẹ́rìn-ín mọ́," mo ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Àmọ́ ohun tí màá fẹ́ kí àǹtí wa mú lọ sílé ni ti Stanley Milgram, ní Yale University. Ó kó ọkùnrin 40 jọ, ó sì gbé iṣẹ́ náà jáde ní 1963. Wọ́n ní kí oníkálùkù wọn máa tẹ bọ́tìnnì tó máa fi iná mànàmáná gbá ẹnì kan ní yàrá kejì nígbàkígbà tó bá ṣi ìdáhùn, láti volt 15 títí dé 450. Iná kankan ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ò mọ̀. Ńṣe ni wọ́n ń làágùn, wọ́n ń kólòlò, wọ́n ń gé ètè ara wọn jẹ. Mẹ́rìnlá nínú wọn sì ń rẹ́rìn-ín! Ti àwọn mẹ́ta le débi pé ara wọn ń gbọ̀n tí wọn ò lè dá a dúró. Ti ọ̀kan nínú wọn, ẹni ọdún 46 tó ń fi ìwé títà jẹun, wọ́n ní láti dá iṣẹ́ dúró fún un. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, wọ́n ń ṣàlàyé pé kí ẹ má rò pé ìkà làwọn, pé ẹ̀rín àwọn kì í ṣe pé ó dùn mọ́ àwọn láti ni ènìyàn lára. Ẹ fi wéra pẹ̀lú "mi ò mọ ohun tó ṣe mí". Ẹ tún fi wéra pẹ̀lú ìbọn ọlọ́pàá yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìtàn, ẹ wá ti iléèwé àwọn ọmọbìnrin ní Kashasha, ní Tanganyika (Tanzania òde òní), kà. Oṣù kìíní 1962 ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ mẹ́ta, ó ran 95 nínú ọmọ 159, wọ́n ti iléèwé pa ní oṣù kẹta. Wọn ò rí májèlé, wọn ò rí kòkòrò àrùn. Àwọn olùkọ́ ò kó o. Ẹ̀rín àti ẹkún ló ń gbé àwọn ọmọ náà ṣe, kò sì sí èyí tó dùn mọ́ nínú wọn.

Ọmọlúàbí_Pọ́nńbélé

Ti àwọn tó ń tẹ bọ́tìnnì yẹn wọ̀ mí létí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣì yẹ kó bẹ ìyá.

Màmá_Ìsẹ̀yìn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣe é, ìwé yín dáa. Ṣùgbọ́n tí àǹtí yìí bá lọ jókòó síwájú ìyá tọ́mọ kú fún tó ń sọ béárì funfun, wọ́n á lé e jáde.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Ìyá yín mọ òwe yẹn kí wọ́n tó bí yín. Kì í ṣe pé kò yé wọn. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé lọ́jọ́ tí gbogbo ènìyàn yẹ kó máa sunkún ọmọ wọn, wọ́n gbọ́ ẹ̀rín. Ìdí rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń wá, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ yẹn ṣì ń dun ènìyàn.

Nítorí náà, mú ìyàwó yín lọ lọ́jọ́ tí èrò ò sí, lẹ́yìn ìrun Àlàásàrí. Kó kúnlẹ̀. Kó má dárúkọ àkùkọ, kó má dárúkọ fóònù, kó má sọ pé ẹnì kan ló fà á. Kó tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀kan, kó sì máa sọ̀rọ̀ olóògbé fún wọn. Ọ̀rọ̀ ẹja inú ìkòkò tí o sọ yẹn, kó sọ ọ́. Tí ẹ̀rín bá tún gbé e níbẹ̀, ìyá gan-an lè bá a rín in, mo ti rí i. Ẹni tó ń sọ ọ́ kiri pé ó mọ nípa ikú, ìyẹn ọ̀rọ̀ mọ́gàjí ilé yín ni, kí ọkùnrin ilé gbé e lọ bá wọn kíá. Ìyàwó kọ́ ló máa dá ìyẹn lóhùn.

Àti fún ìgbà mìíràn, kó dìde kúrò níbẹ̀ kí èjìká tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìyàwó tó lọ wo iná lẹ́yìn ilé, ta ni yóò bi í?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Màmá ti sọ ọ́ tán. Kó mí síta díẹ̀díẹ̀, kó jẹ́ kí mímí síta gùn ju mímí sínú lọ. Kó má di èémí mú, èémí tó bá dì mú ló máa bú jáde. Kó sì sùn, àǹtí. Ẹ gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀.

Aláàdìrẹ_Ìtòkú

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti bá àbúrò mi sọ̀rọ̀, ó ti lọ rí mọ́gàjí. Ọjọ́ Àìkú ni màá mú ìyàwó lọ. Ọkọ rẹ̀ ní òun fẹ́ bá wa lọ kí òun lè bá a bẹ̀bẹ̀. Màmá, ṣé kó wá?

Màmá_Ìsẹ̀yìn

Kó jókòó sílé. Tó bá wà níbẹ̀, ojú ọmọ ni ìyá yín á máa wò, wọn ò ní wo ìyàwó. Kó wá gbé yín tí ẹ bá ń padà bọ̀.